Láti ojú ológun dé àyà obìnrin: ìtàn Harold Gillies àti iṣẹ́ abẹ àtúnmọ ọyàn



Bí ẹ bá jókòó fún wákàtí kan ní kílíníìkì jẹjẹrẹ ní ilé ìwòsàn ńlá èyíkéyìí nílẹ̀ yìí, ìbáà ṣe Kano, Enugu tàbí Port Harcourt, ẹ óò pàdé àwọn obìnrin tí wọ́n di nǹkan sínú kọ́mú. Àwọn kan á fi òwú dí i, àwọn kan á ká ìbọ̀sẹ̀ ọmọ wọn sí i, ẹlòmíràn á rán àpò kékeré, á rọ ìrẹsì sínú rẹ̀ kó lè wúwo díẹ̀. Wọ́n ti gé ọyàn wọn kan nítorí jẹjẹrẹ. Ara ti yá, wọ́n ti padà sẹ́nu iṣẹ́ àti ọjà wọn, ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni wọ́n ń di nǹkan náà, lálaalẹ́ ni wọ́n sì ń yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sẹ́ni tó sọ fún rí pé dókítà lè tún ọyàn mìíràn mọ síbẹ̀.

Mo wà lára àwọn tí kò sọ ọ́. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, obìnrin kan wá sí ilé ìwòsàn tí mo wà, kókó inú ọyàn rẹ̀ kò tíì tóbi ju èso àgbálùmọ̀ kékeré lọ. Ọ̀gá wa ṣàlàyé fún un pé a máa gé ọyàn náà. Nígbà tó kù èmi àti òun nìkan, ó bi mí léèrè ohun tí yóò wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí a bá gé e tán. Mo ní àpá ni. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà ló tó padà wá, ọyàn náà ti di egbò, àìsàn náà sì ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé bí mo bá ti sọ̀rọ̀ àtúnmọ fún un ni, ì bá gbà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìbéèrè gidi ló bi mí, ìdajì ìdáhùn ni mo sì fún un.

Ìtàn ọkùnrin kan ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé iṣẹ́ abẹ yìí fún yín lónìí. Harold Gillies lorúkọ rẹ̀. Ó ti lé ní 60 ọdún tó ti kú. Kì í ṣe dókítà ọyàn. Ojú àwọn ológun tí ọta ìbọn àti àdó olóró bà jẹ́ ló ń tún ṣe, ohun tó kọ́ lára ojú wọn ló sì gbé dé àyà obìnrin níkẹyìn. Ẹ̀ka iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní plastic surgery. Ọ̀rọ̀ náà, plastic, kò ní nǹkan án ṣe pẹ̀lú ike tàbí rọ́bà o. Èdè Gíríìkì ló ti wá, ohun tó sì túmọ̀ sí ni kéèyàn mọ nǹkan, bí amọ̀kòkò ṣe ń fi ọwọ́ mọ amọ̀.

Ọjọ́ 17, oṣù kẹfà, ọdún 1882 ni wọ́n bí Gillies, ní ìlú Dunedin lórílẹ̀-èdè New Zealand. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́jọ, ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́rin ló sì wà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ní kékeré, ó ṣubú, ìgúnpá rẹ̀ kan kán, ìgúnpá ọ̀hún kò sì tún nà dáadáa mọ́. Ẹ ó rò pé ọmọ tó ní irú apá bẹ́ẹ̀ máa jìnnà sí eré ìdárayá. Rárá o. Nígbà tó dé Yunifásítì Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wà lára àwọn tó wa ọkọ̀ ojú omi fún ilé ẹ̀kọ́ náà nínú ìdíje wọn pẹ̀lú Oxford lọ́dún 1904. Ó tún mọ gọ́ọ̀fù gbá débi pé àwọn ògbóǹtarìgì bẹ̀rù rẹ̀. Ó ń yàwòrán, ó ń pẹja, ó sì fẹ́ràn kó máa fi àwọn èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́, kódà nígbà tó ti dàgbà.

Ó parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Bartholomew's ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Ó gbéyàwó lọ́dún 1911. Iṣẹ́ ń lọ, owó ń wọlé. Ká ní ogun kò dé ni, bóyá ẹnikẹ́ni kò ní í mọ orúkọ rẹ̀ lónìí.

Ogun àgbáyé kìíní bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1914. Inú kòtò gígùn ni àwọn ológun ń sá pamọ́ sí, orí nìkan ló sì máa ń yọ síta. Ẹ wá mọ ibi tí ìbọn ń bà. Àwọn kan kò ní imú mọ́, àwọn kan kò ní àgbọ̀n, àwọn mìíràn kò ní ètè tí wọ́n lè fi di oúnjẹ mọ́ ẹnu. Lọ́dún 1915, Gillies lọ sí Faransé pẹ̀lú ẹgbẹ́ Red Cross. Níbẹ̀ ló ti bá Charles Valadier pàdé, dókítà eyín kan tó ń gbìyànjú láti tún àgbọ̀n àwọn ológun tò. Ó tún lọ sí Paris láti wo Hippolyte Morestin, oníṣẹ́ abẹ tó ń fi awọ ara aláìsàn fúnra rẹ̀ dí ihò ojú. Ohun tó rí lọ́jọ́ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́.

Nígbà tó padà sílé, ó bẹ àwọn ọ̀gá ológun títí wọ́n fi fún un ní wọ́ọ̀dù ní Aldershot ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1916. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣe. Ó lọ sí ìsọ̀ oníwèé, ó fi owó ara rẹ̀ ra ìwé pélébé-pélébé tí wọ́n lè so mọ́ aṣọ, ó kọ àdírẹ́sì wọ́ọ̀dù rẹ̀ sí i, ó sì kó wọn ránṣẹ́ sí ojú ogun, kí wọ́n máa so ó mọ́ àyà ẹnikẹ́ni tí ojú rẹ̀ bá bà jẹ́. Ní oṣù keje ọdún náà, ogun Somme bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti ń retí nǹkan bí 200 èèyàn. Nǹkan bí 2,000 ló dé.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe dá ilé ìwòsàn kan sílẹ̀ fún ojú nìkan ní Sidcup, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1917. Kí ogun náà àti àbájáde rẹ̀ tó tán, Gillies àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ abẹ tó lé ní 11,000 fún àwọn ológun tó lé ní 5,000. Wọn kì í gbé dígí sí wọ́ọ̀dù, kí ẹni tí kò tíì rí ojú ara rẹ̀ má baà fi ojú bàǹtẹ̀ rí i. Àwọn bẹ́ǹṣì kan wà lójú ọ̀nà tó lọ sínú ìlú tí wọ́n kùn ní àwọ̀ búlúù, kí ẹni tó ń kọjá lè mọ̀ pé ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ lè ní ojú tí yóò dẹ́rù bà á. Henry Tonks, ayàwòrán tó jẹ́ dókítà tẹ́lẹ̀, ló ń ya ojú wọn kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá parí. Àwọn àwòrán náà ṣì wà. Mo ti wò wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mi ò sì tètè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Gillies kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ọ nìyẹn. Ológun tí egbò rẹ̀ ti jiná, tó lè jẹun, tó lè mí, tí kò sì lè jáde sí ìgboro, kò tíì sàn lójú rẹ̀. Mo sì ti rí dígí tí wọ́n fi aṣọ bò nínú ilé obìnrin kan tí wọ́n gé lọ́yàn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló sọ ìdí rẹ̀ fún mi.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tí iṣẹ́ náà ti le, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo àtúnmọ ọyàn dúró lé. Ẹ fojú inú wo ewébẹ̀ tí ẹ fà tu. Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá ti kúrò nínú ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ nìyẹn. Awọ ara náà rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni omi rẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè fa oúnjẹ láti ibi tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́, kó sì yè. Ṣùgbọ́n awọ tó nípọn, tó ní ọ̀rá lábẹ́, kò lè yè bí kò bá sí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ. Yóò dúdú, yóò sì kú. Nítorí náà, àwọn dókítà ìgbà yẹn máa ń fi orí kan awọ náà sílẹ̀ mọ́ ara, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa gba ibẹ̀ wọlé títí yóò fi rí ẹ̀jẹ̀ mìíràn níbi tuntun tí wọ́n gbé e lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé abẹ́ awọ náà á ṣí sílẹ̀ gbayawu bí egbò, kòkòrò àrùn á wọ̀ ọ́, á sì kẹ̀. Kò tíì sí penicillin nígbà náà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1917, Gillies ń tọ́jú ọmọ ogun ojú omi kan tí iná jó lójú nínú ogun Jutland. Ó ti la awọ gbọọrọ méjì sókè láti àyà ọkùnrin náà, ó fẹ́ gbé wọn lọ sí ojú rẹ̀. Ó wá rí i pé etí awọ náà ń ká wọlé fúnra rẹ̀, bí ẹní tí èèyàn fẹ́ ká nílẹ̀. Ó bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí òun kò fi rán etí méjèèjì pọ̀. Ó rán an. Awọ náà di ọ̀pá rìbìtì, awọ dídán wà níta, ọ̀rá àti iṣan ẹ̀jẹ̀ wà nínú, kòkòrò kò sì ríbi wọlé mọ́. (Ká má fi òtítọ́ pa mọ́, Vladimir Filatov, dókítà kan ní Odessa, ti ṣe irú rẹ̀ ní àkókò kan náà, wọn kò sì gbúròó ara wọn.) Láti ọjọ́ náà, dókítà lè mọ ọ̀pá awọ síbi kan lára, kó dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè fìdí múlẹ̀, kó gé orí kan, kó rán an mọ́ ibi tó sún mọ́ ibi tó ń lọ, kó tún dúró, kó tún gé orí kejì. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀pá náà ń rìn lára èèyàn bí ìjòkùn.

Díẹ̀díẹ̀ yẹn, ẹ̀jẹ̀ èèyàn ló fi kọ́ ọ. Lọ́dún 1918, ọ̀dọ́mọkùnrin awakọ̀ òfurufú kan tí iná jó gbogbo ojú rẹ̀ wà lọ́wọ́ Gillies. Ó gé awọ ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti àyà rẹ̀ kó fi bo ojú náà. Awọ náà kẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì kú. Gillies kò fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1920, ó sì ń fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ títí tó fi darúgbó, pé kí wọ́n má fi ìkánjú ṣe ohun tó lè dúró di ọjọ́ mìíràn. Bí dókítà yín bá sọ pé kí ẹ kọ́kọ́ jáwọ́ nínú sìgá, kí ẹ kọ́kọ́ mú ìtọ̀ ṣúgà yín wálẹ̀, tàbí kí ẹ dúró lẹ́yìn ìtọ́jú onítànṣán kó tó tún ọyàn mọ fún yín, ẹ má rò pé ó ń fì yín síwá sẹ́yìn. Sìgá ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ìtọ̀ ṣúgà kì í jẹ́ kí egbò tètè jiná, ìtànṣán sì ń mú awọ le. Awọ tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé dáadáa kò ní í yè, gẹ́gẹ́ bí ti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn.

Ìgbà tí ogun parí, àwọn dókítà mìíràn kò ka iṣẹ́ Gillies sí iṣẹ́ gidi. Wọ́n ní ti ogun nìyẹn. Ó jìyà díẹ̀ kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó tún ojú ọlọ́rọ̀ ṣe, ó tún imú òṣèré ṣe, ó sì gba oyè Sir lọ́dún 1930. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan láti New Zealand, Archibald McIndoe, wá bá a ṣiṣẹ́, òun náà sì di olókìkí nínú ogun kejì.

Kí ló wá fa ọ̀rọ̀ ọyàn? Ẹ jẹ́ ká kúrò lọ́dọ̀ Gillies díẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, dókítà kan wà ní Baltimore tó ń jẹ́ William Halsted. Ní ìparí nǹkan bí 1800 sí 1900, òun ló sọ gígé ọyàn nítorí jẹjẹrẹ di iṣẹ́ tó ní ìlànà. Ọ̀nà rẹ̀ le o. Ọyàn, ẹran àyà tó wà lábẹ́ rẹ̀ àti àwọn kókó inú abíyá, gbogbo rẹ̀ ló ń gé lọ pọ̀, títí egungun ìhà á fi máa hàn lábẹ́ awọ. Ó gbà á là fún ọ̀pọ̀ obìnrin tí kò sí ìrètí fún tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Halsted kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi awọ ibòmíràn bo ojú egbò náà. Ẹ̀rù ń bà á pé jẹjẹrẹ lè fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ayé ń tẹ̀ lé. Vincenz Czerny ti kéde ní Jámánì lọ́dún 1895 pé òun fi ìṣù ọ̀rá kan láti ara obìnrin kan náà dí àyè ọyàn rẹ̀. Iginio Tansini ní Ítálì ti fi awọ àti ẹran ẹ̀yìn bo àyà obìnrin, ó sì kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1906. Wọ́n gbé iṣẹ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ogun àgbáyé kejì ló tún dé. Gillies ti lé ní 55 ọdún, ó ń darí ilé ìwòsàn Rooksdown House nítòsí Basingstoke, níbi tí wọ́n ti ń tún ara àwọn tó fara gbọgbẹ́ ṣe. Lọ́dún 1942, ó gbé ọ̀pá awọ rẹ̀ àtijọ́ wá fún obìnrin tí kò ní ọyàn. Awọ àti ọ̀rá ikùn ni ó fi ṣe é. Ó ká a di ọ̀pá, ó dúró, ó gbé orí kan rẹ̀ lọ sókè, ó dúró, ó gé orí kejì, ó tú ọ̀pá náà ká sórí àyà, ó sì mọ ọ́n bí ọyàn. Ọ̀pọ̀ oṣù ni, iṣẹ́ abẹ lórí iṣẹ́ abẹ. Àpá á wà níkùn, àpá á wà láyà, fún ìgbà pípẹ́ ni obìnrin náà á sì máa gbé ọ̀pá ẹran kiri lábẹ́ aṣọ. Síbẹ̀ àwọn obìnrin gbà.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ̀lú mi. Kí ló lè mú èèyàn gba irú ìyà bẹ́ẹ̀ nítorí ohun tí kò lè fún ọmọ lọ́mú mọ́, tí kò tilẹ̀ ní í mọ ìfọwọ́kàn bíi ti tẹ́lẹ̀? Nílé wa, èsì tó yá lẹ́nu ọ̀pọ̀ ni pé afẹ́ ni. Wọ́n á ní ẹni tí Ọlọ́run yọ lọ́wọ́ ikú, ọpẹ́ ló yẹ kó máa dá, kí ló tún ń wá ọyàn sí? Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà. Ṣùgbọ́n ṣé ẹnì kan nínú wa lè dúró níwájú ológun tí ìbọn gbé àgbọ̀n rẹ̀ lọ, kó sọ fún un pé kó máa dúpẹ́, kó sì máa fi ìbòjú jáde?

Ohun tí àwọn obìnrin ń sọ fún wa yàtọ̀ síra. Jẹjẹrẹ ọyàn ló wọ́pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ tó ń ṣe àwọn obìnrin ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tíì pé 50 ọdún. Olùkọ́ wà nínú wọn tó ń dojú kọ àwọn ọmọ ilé ìwé lójoojúmọ́, tí kò fẹ́ kí nǹkan tó dí sínú kọ́mú yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tó bá na ọwọ́ sí pátákó. Ọlọ́yàn ńlá wà, tí ọyàn kan tó kù ń fa èjìká rẹ̀ sí apá kan, tí ẹ̀yìn ń dùn ún. Ẹni tí kò tíì lọ́kọ wà, tó ń ro bí òun ṣe máa sọ ọ́ àti ìgbà tí òun máa sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ló kàn sọ pé àwọn fẹ́ wẹ̀ láàárọ̀ láìjẹ́ pé jẹjẹrẹ ni ohun àkọ́kọ́ tí ojú àwọn máa rí. Ìdí kan wà tí kì í wù mí láti gbọ́: kí obìnrin sọ pé ọkọ òun ló ní kí òun ṣe é. Bí mo bá gbọ́ ọ, mo máa ń bẹ ọkọ pé kó jókòó síta díẹ̀.

Àwọn tó kọ̀ náà kò ṣàṣìṣe. Ẹni tó sọ pé abẹ tí wọ́n ti là á tó gẹ́ẹ́ mọ ara rẹ̀. Ọyàn àtọwọ́dá tí wọ́n ń tà, tó ṣe é fi sínú kọ́mú, tó ẹlòmíràn. Ìyá àgbà kan sọ fún mi pé ọmọ mẹ́fà ti mu tán nínú èyí tí wọ́n gé, ó ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀, kó máa sinmi. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Ohun tí kò dára ni kí wọ́n má sọ ọ́ fún èèyàn rárá, kó má lè yàn.

Ẹ̀rù Halsted ńkọ́? Ìwádìí ọ̀pọ̀ ọdún ti fi hàn pé àtúnmọ ọyàn kì í mú jẹjẹrẹ padà wá, kì í sì í dí dókítà lọ́wọ́ láti rí i bó bá padà. Ẹ óò máa lọ fún àyẹ̀wò yín bí ẹni tí kò ṣe é.

Lónìí, ọ̀pá awọ Gillies ti di ìtàn nínú iṣẹ́ ọyàn, ṣùgbọ́n ikùn ṣì ni a sábà máa ń lọ. Lọ́dún 1982, Carl Hartrampf àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Atlanta tẹ ọ̀nà kan jáde tí wọ́n fi ń gba abẹ́ awọ gbé ọ̀rá àti ẹran ìsàlẹ̀ ikùn lọ sí àyà lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí ọ̀pá níta. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn kọ́ bí wọ́n ṣe lè gé awọ àti ọ̀rá náà kúrò pátápátá, kí wọ́n fi ẹ̀rọ amúǹkan-tóbi rán iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí kò nípọn ju mìlímítà kan sí mẹ́ta lọ, mọ́ ti àyà. Wákàtí púpọ̀ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ kan ló gba ipò oṣù púpọ̀ ti Gillies. Ẹran ẹ̀yìn tí Tansini lò náà ti padà, ó wúlò púpọ̀ fún ẹni tí kò ní ọ̀rá níkùn.

Ọ̀nà kejì ni sílíkónì, tí wọ́n kọ́kọ́ fi sínú àyà obìnrin ní Houston lọ́dún 1962. Lọ́pọ̀ ìgbà, a máa ń kọ́kọ́ fi àpò òfìfo sábẹ́ awọ, a ó sì máa rọ omi iyọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ títí awọ yóò fi nà, kí a tó fi sílíkónì rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kúrú ju ti ikùn lọ, kò sì sí àpá sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe títí ayé. Ara lè fún un pọ̀ kó le koko, ó lè jò, ó lè béèrè pé kí a pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Bí ẹ bá ti gba ìtọ́jú onítànṣán tàbí tí ẹ máa gbà á, ẹran ara yín ló sábà máa ń yè jù.

Ohun tó yẹ kí àwa aláwọ̀ dúdú béèrè dáadáa ni ọ̀rọ̀ àpá tó máa ń wú, tó ń tóbi kọjá ojú egbò, tó sì ń yún ni. Àyà wà lára ibi tó ti wọ́pọ̀ jù. Bí ibi tí wọ́n dá yín létí bá wú, tàbí ibi tí wọ́n gún yín ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ sọ fún dókítà kó tó fọwọ́ kan abẹ. Ẹ tún bi í pé ìgbà mélòó ni òun ti ṣe irú rẹ̀, kí ẹ sì ní kó fi fọ́tò àwọn tó ti ṣe fún hàn yín, títí kan èyí tí kò yọrí sí rere. Ẹ béèrè iye owó gbogbo ìpele rẹ̀, kì í ṣe ti àkọ́kọ́ nìkan, nítorí orí ọmú sábà máa ń jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀, wọ́n sì lè nílò láti dín ọyàn kejì kù kí méjèèjì lè bára mu. Owó ńlá ni, àpò aláìsàn fúnra rẹ̀ ló sì máa ń ti jáde lọ́pọ̀ ìgbà. Kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn oníṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara wà ní ilé ìwòsàn egungun ti ìjọba àpapọ̀ ní Igbobi àti Enugu, wọ́n sì wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì. Ẹ ní kí dókítà tó fẹ́ gé ọyàn yín kọ ìwé sí wọn kó tó gé e, nítorí awọ tí wọ́n bá dá sí lọ́jọ́ náà wúlò gan-an fún àtúnmọ lẹ́yìn ọ̀la. Bí wọ́n bá sì ti gé tiyín láti ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá sẹ́yìn, kò tíì pẹ́ jù.

Gillies kò fẹ̀yìn tì. Òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara ní Britain lọ́dún 1946. Lọ́dún 1957, òun àti Ralph Millard, ọ̀dọ́mọdé dókítà kan láti Amẹ́ríkà, gbé ìwé ńlá jáde lórí ohun gbogbo tó mọ̀, títí kan àwọn àṣìṣe rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kú lọ́dún kan náà, ó sì fẹ́ Marjorie Clayton, tó ti ń bá a ṣiṣẹ́ nínú yàrá iṣẹ́ abẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1960, ó ń tún ẹsẹ̀ ọ̀dọ́mọbìnrin kan ṣe nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ọpọlọ rẹ̀. Ọjọ́ 10, oṣù kẹsàn-án ló kú ní Lọ́ńdọ̀nù, ó jẹ́ ẹni ọdún 78.